Afẹ́fẹ́ Kì í Bá Èèyàn Tọ́jú Ẹrù: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọmọ Tó Ń Kọ Eré

Òkè-Àdó, Ìbàdàn.

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Láàárín ọdún yìí nìkan, mẹ́ta nínú yín ló ti wá bá mi nílé pẹ̀lú eré tí wọ́n kọ, pé kí n bá àwọn fojú sí i. Mo ka gbogbo rẹ̀ tán. Ọ̀kan wà nínú wọn tí mo gbé eré rẹ̀ sùn, tí mo tún gbé e jí. Ohun tí mo sọ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níwájú ilé mi ni mo fẹ́ sọ fún gbogbo yín báyìí, nítorí pé orúnkún mi ò gbà kí n máa rìn kiri mọ́, ọ̀rọ̀ náà ò sì yẹ kó bá mi wọlẹ̀ lọ.

Ọ̀jẹ́ ni wọ́n ti bí mi, lọ́dún 1949. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó wò mí dàgbà, télọ̀ ni. Lára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni àpótí pákó kékeré kan wà, tí wáyà kan gba ojú fèrèsé wọ inú rẹ̀ láti ara òpó ìta. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló ní, èyí tí wọ́n fi ń yí ohùn sókè tàbí sílẹ̀. Kò sí pé ẹ fẹ́ yí i síbòmíì. Ohun tí wọ́n bá ń sọ níbẹ̀ lẹ ó gbọ́, ẹ ó sì sanwó rẹ̀ lóṣooṣù. Rediffusion ni àwọn tó mọ̀wé ń pè é, àwa ń pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Bí eré bá ń lọ nírọ̀lẹ́, èrò á kún ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ Bàbá ò ní dáṣẹ́ dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa lọ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, gììrì-gììrì-gììrì, etí rẹ̀ á wà lọ́dọ̀ àpótí. Èmi kì í wo àpótí. Ẹsẹ̀ Bàbá ni mo máa ń wò. Tí ọ̀rọ̀ bá dé ibi tó gbóná, ẹsẹ̀ yẹn á dúró, abẹ́rẹ́ á dúró sínú aṣọ. Tí ọ̀rọ̀ bá rọlẹ̀, ẹsẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ eré rédíò, kí n tó mọ̀ pé ẹnì kan máa ń jókòó kọ ọ́. Tí mo bá ń kọ̀wé títí di òní, ìbéèrè kan ni mo máa ń bi ara mi: ṣé ẹsẹ̀ télọ̀ dúró níbí?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹni tó wá wo eré ní gbọ̀ngàn ti sanwó, ó ti wọṣọ, ó ti fi ọ̀ràn ilé sílẹ̀ kó tó jókòó. Ẹni tó ń gbọ́ rédíò ò ṣe ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àkàrà wà lórí iná, ọmọ ń sunkún, alájọ ti dé ẹnu ọ̀nà. Ìdajì etí kan ló fún yín. Ẹ̀yin lẹ máa fi ọ̀rọ̀ gba ìyókù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ò sì lè fi ariwo gbà á. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ yín rò pé bí òṣèré bá ti ń pariwo, èrò ti ń gbọ́. Rárá. Ohun tó ń dá ẹsẹ̀ télọ̀ dúró ni ohun tó fẹ́ mọ̀ tí wọn ò tíì sọ fún un.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn kọ ìran kan fún rédíò níbi tí bàbá ti fẹ́ fi àdá bá ọmọ rẹ̀ jà lóru. Ohun tó kọ sí ọmọ náà lẹ́nu nìyí: "Há! Mo rí Bàbá mi tó ń bọ̀ pẹ̀lú àdá lọ́wọ́! Inú ń bí i gidigidi!" Mo ní, ọmọ mi, ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí àdá dé sí i lórí? A jókòó sí i fún bíi wákàtí kan. Níkẹyìn, ohun tó kọ ni: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Àná lẹ pọ́n ọn. Ẹ gbé e sílẹ̀." Kò dárúkọ àdá rárá. Àmọ́ etí mọ ohun tí èèyàn ń pọ́n. Olùgbọ́ fúnra rẹ̀ ló máa rọ àdá yẹn lọ́kàn, èyí tí òun fúnra rẹ̀ bá sì rọ máa ń mú ju èyí tí ẹ̀yin gbé fún un lọ.

Ẹ má fún èèyàn méjì ní orúkọ tó jọra. Mo ka eré kan tí Adéọlá, Adéọlú àti Adéwọlé jọ ń jà sí ilẹ̀ kan. Lórí ìwé, ojú ń ran ọpọlọ lọ́wọ́. Lórí rédíò, ẹni tó ń gbọ́ ti sọnù kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan máa jẹ́ Adéọlá, kí ìkejì máa jẹ́ Ṣítù, kí ìkẹta jẹ́ Ìyá Ìbejì. Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n máa dárúkọ ara wọn, àmọ́ kó jẹ́ bí Yorùbá ṣe ń dárúkọ: oríkì nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tọrọ nǹkan, orúkọ gbogbo nígbà tí inú bá bí wọn. Bí ìyá bá pe ọmọ rẹ̀ ní Àjọkẹ́, tó wá dé ibì kan tó pè é ní Adéọlá, èrò ti mọ̀ pé ilé ti dàrú.

Ìlù ńkọ́? Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ eré fún rédíò, lọ́dún 1972, a máa ń ní onídùndún kan pẹ̀lú wa ní sítúdíò, bàbá arúgbó kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí a bá kúrò láàfin tí a dé oko, kò sí ẹni tó máa sọ pé "ní oko báyìí o." Bàbá á kàn fi ìlù ki àwọn ará oko, gbólóhùn kan péré, gbogbo Ìbàdàn á sì ti wà lóko. Lónìí, mo ń gbọ́ orin kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fi bọ́ àárín ìran méjì, orin tí kò mọ ẹnì kankan nínú eré. Ẹ wá onílù. Owó tí ẹ máa fún un kò pọ̀ tó ohun tó máa fún yín.

Àwọn ìró tó kù, ẹ lè fi ọwọ́ ara yín ṣe wọ́n. Èèpo àgbọn méjì tí ẹ ń kàn mọ́ tábìlì, ẹsẹ̀ ẹṣin nìyẹn. Ọ̀rá bisikíìtì tí ẹ ń rún díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máíkì, iná tó ń jó igi gbígbẹ ni. Báàfù omi kan tó fún odò. Àmọ́ ẹ má kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú eré kan. Ilẹ̀kùn tí kò ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú ìtàn, ẹ jẹ́ kó ṣí kó sì tì láìdún.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbi ìyàtọ̀ tó wà láàárín orí ìtàgé àti rédíò, nítorí ibẹ̀ ni èmi fúnra mi ti ṣubú.

Lọ́dún kan, nígbà tí mo ti kọ eré rédíò fún bí ọdún márùn-ún tí àwọn èèyàn sì ti ń mọ orúkọ mi, ẹgbẹ́ òṣèré kan ní kí n kọ eré orí ìtàgé fún wọn. Mo kọ ọ́ bí mo ṣe máa ń kọ. Lọ́jọ́ ìdánrawò, àwọn òṣèré dúró bí òpó iná, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tí ojú lè rí ni mo ti fi ẹnu sọ tán. Ìran kan wà níbẹ̀, ti obìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọkọ rẹ̀, mo kọ ọ̀rọ̀ ọkàn ojú ewé kan àtààbọ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi, mo ti kà á sétí ìyàwó mi nílé. Adarí eré gba ìwé náà, ó fi bírò fa ìlà sórí gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Inú bí mi débi pé mo dìde.

Ó wá so okùn kan láti ìhà kan ìtàgé dé ìkejì, ó sá aṣọ sí i. Ó ní kí òṣèré náà wọlé wá kó aṣọ. Ó kó ti ọmọ, ó ká a. Ó kó tirẹ̀, ó ká a. Ó dé ìdí ṣòkòtò ọkọ rẹ̀. Ó mú un, ó fi ọwọ́ nù ún, ó fẹ́ ká a. Ó wá tún un sá. Ó kó aṣọ tó kù, ó wọlé lọ, ṣòkòtò yẹn nìkan ló kù lórí okùn.

Lọ́jọ́ tí a ṣe eré náà, ìyá kan níwájú mi bú sẹ́kún kí ìmọ́lẹ̀ tó kú. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó jáde lẹ́nu òṣèré yẹn. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń rántí ojú ewé kan àtààbọ̀ mi.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ìyókù. Nígbà tó yá, mo fẹ́ gbé eré kan náà sórí rédíò. Ṣòkòtò orí okùn ò ṣeé gbọ́. Lórí ìtàgé, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀. Lórí rédíò, tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ẹni tó ń gbọ́ á rò pé bátìrì ló kú, á gbá rédíò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi wá ọ̀nà. Ohun tí mo rí nìyí: obìnrin náà ń dá ọkà sínú abọ́, a ń gbọ́ ìpọnkà lára ìkòkò, ó ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ wá jẹun. "Táyé! Kẹ́hìndé! Ẹ wá o. Ẹ bá mi pe bàbá yín..." Ìpọnkà dúró. Ọmọ kan ní, "Ìyá wa?" Ó ní, "Ẹ fọwọ́."

Ọ̀ràn kan náà ni o, ọ̀fọ̀ kan náà. Ọ̀kan wọ ojú lọ, ìkejì wọ etí lọ. Ẹni tó bá lè ṣe méjèèjì láìjẹ́ kí ọ̀kan jẹ ìkejì ní gbèsè, ó ti di òǹkọ̀wé eré. Mo kọ́ ọ pẹ̀lú omijé, kò sì yẹ kí ẹ̀yin tún lọ gba ibẹ̀.

Níbo lẹ ti máa kọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀? Ẹ lọ jókòó ní kóòtù ìbílẹ̀ Mápó bí wọ́n bá gbà yín láyè, ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ má ṣe mú fóònù jáde. Mo lọ síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà ìsinmi iléèwé. Mo ṣàkíyèsí pé ẹni tó ń purọ́ máa ń rántí ọjọ́ àti wákàtí dáadáa. Ẹni tó ń sọ òótọ́ máa ń gbàgbé, á máa ní "ẹ dúró ná, ṣé ọjọ́ òjò yẹn ni?" Ẹ kọ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sí Ọjà-Ọba, kí ẹ gbọ́ bí ìyálójà ṣe ń fi àdúrà bú oníbàárà tí kò rajà. Ẹ gbọ́ ìjálá, ẹ gbọ́ rárà, ẹ gbọ́ ẹkún ìyàwó lẹ́nu àwọn àgbà obìnrin Ọ̀yọ́ tó ṣì mọ̀ ọ́n.

Ẹ fi ohùn ìlú yín sínú rẹ̀. Ojúlówó ará Ìbàdàn tó ti dàgbà, "isu" ló ń pe iṣu. Tí ẹ bá kọ ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ má sọ ọ́ di akàròyìn. Ìjẹ̀ṣà gidi lè wo bàbá tó bí i lójú kó ní "ìwọ", kò sì rí i fín. Ẹ fojú inú wo ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó fẹ́ ọkọ sí Ìbàdàn, tó ní "ìwọ" fún ìyá ọkọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìgbéyàwó. Eré ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó gbé bírò. Ọ̀rọ̀ kan yẹn ti ju ìbọn tí ẹ ń yìn nínú eré yín lọ.

Wọ́n á sọ fún yín pé kí ẹ lọ sí Èkó, pé kí ẹ yé kọ Yorùbá, pé èrò Ìbàdàn ò lè gbé yín débì kankan. Wọ́n sọ ọ́ fún èmi náà. Ẹ̀yin ẹ wo ibi tí ẹ wà. Ìlú yìí ni tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀, lóṣù kẹwàá ọdún 1959, tí rédíò Ìwọ̀ Oòrùn sì tẹ̀lé e lọ́dún 1960. Ìlú yìí ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá, olórí ẹgbẹ́ eré Yorùbá, ti wá bá àwọn ará Yunifásítì ṣiṣẹ́ lọ́dún 1963, tí eré Yorùbá sì gba Arts Theatre, ilé eré wọn, kan. Dúró Ládiípọ̀, òun náà olórí ẹgbẹ́ eré, gbé ìtàn Ṣàngó láti Òṣogbo lọ sí Berlin lọ́dún 1964. Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é níwájú àwọn Jámánì, ìlù, oríkì àti gbogbo rẹ̀, àwọn èèyàn náà sì jókòó wò ó. Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde ìlú tirẹ̀ gan-an, ló fi kọ eré, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Nígbà tó yá, eré Ẹfúnṣetán yẹn ló mú kí èrò kún pápá ìṣeré Liberty Stadium. Wálé Ògúnyẹmí jókòó sí Ìbàdàn yìí, ó kọ ogun Ìjàyè, ó kọ ogun Kírìjì, ó ṣeré, ó kọ̀wé fún ìtàgé, títí tó fi lọ lọ́dún 2001. Bàbá wa Adébáyọ̀ Fálétí, akéwì, òṣèré àti òǹkọ̀wé eré, inú ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àti rédíò ló ti ṣiṣẹ́ ọjọ́ ayé rẹ̀, Ìbàdàn yìí ló sì ti dágbére fáyé lọ́dún 2017. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fi ilé sílẹ̀ kó tó rí ohun kọ.

Àmọ́ ẹ má fi iṣẹ́ owó oṣù yín sílẹ̀ kíákíá. Èyí ni àwọn ọ̀dọ́ kì í fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi. Hubert Ògúndé, àgbà nínú eré orí ìtàgé Yorùbá, ṣe tíṣà, ó ṣe ọlọ́pàá kó tó fi ara rẹ̀ fún eré pátápátá. Tíṣà ni Ògúnmọ́lá, tíṣà ni Dúró Ládiípọ̀. Èmi náà ṣe tíṣà fún ọdún 31. Agogo mẹ́rin ìdájí ni mo máa ń dìde kọ̀wé, mo ti wẹ̀ kí agogo méje tó lù. Owó iléèwé ló bọ́ àwọn ọmọ mi, owó eré ló ra páànù. Bí ìyàwó mi ò bá ta aṣọ ní Gbági, n kì bá tí lè kọ ìdajì ohun tí mo kọ, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa máa ń kọ ohun tí ẹni tó fẹ́ sanwó bá ní kó kọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìgboyà pẹ̀lú. Lọ́dún 1964, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fòfin de Ògúndé nítorí eré Yorùbá Ronú, wọn ò gbọ́dọ̀ rí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ìtàgé kankan nílẹ̀ wa. Ọdún 1966 ni wọ́n tó tú òfin náà ká. Ọmọ ọdún 15 ni mí nígbà tí wọ́n gbé òfin náà jáde, mo rántí bí àwọn àgbà ṣe máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ kọ orin rẹ̀. Mi ò ní kí ẹ lọ wá ìjà ìjọba. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ẹ bá ti kọ òótọ́ kan tó dá yín lójú, tí olóòtú ní kí ẹ yọ ọ́, ẹ béèrè ìdí. Tó bá jẹ́ pé ó gùn jù, ẹ yọ ọ́. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan níbì kan lè bínú, ẹ gbé eré yín ká, ẹ gbé e lọ síbòmíì. Mo yọ irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. N kò gbàgbé gbólóhùn náà, n kò sì lè wo ẹni tó ṣe ipa yẹn lójú fún ọdún kan.

Ó tó àkókò báyìí kí n sọ ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí.

Lọ́dún 1981, mo kọ eré rédíò ìpín 13 fún ilé iṣẹ́ rédíò kan tí n kò ní dárúkọ, ìpín kan lọ́sẹ̀ kan. Ìtàn opó kan ni, tó gba àlejò sílé fún ọjọ́ mẹ́ta, tí àlejò náà wá di onílé. N kò tíì kọ ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì rò pé mo tún kọ irú rẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ télọ̀ dúró nígboro. Àwọn awakọ̀ ń dúró sẹ́bàá ọ̀nà kí wọ́n lè gbọ́ òpin rẹ̀. Mo fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ gbogbo rẹ̀, mo sì kó ojúlówó fún wọn. Ẹ̀dà ńkọ́? Mi ò ṣe ẹ̀dà. Pépà kábọ́ọ̀nù wọ́n, mo ń kánjú, mo sì rò pé ohun tó wà ní ilé iṣẹ́ tó tóbi tó yẹn, ó ti wà títí ayé nìyẹn.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, mo lọ béèrè tẹ́ẹ̀pù. Ọmọkùnrin tó wà níbi ìkó-tẹ́ẹ̀pù-sí mú mi wọlé, kò hùwà àrífín sí mi rárá. Ó fa tẹ́ẹ̀pù kan yọ, ó fi hàn mí. Orúkọ eré mi wà lára páálí rẹ̀, wọ́n ti fi bírò pupa fàlà sí i, wọ́n kọ "ìròyìn" sábẹ́ rẹ̀. Tẹ́ẹ̀pù wọ́n nígbà náà, owó ò sí. Wọ́n ti gba ìròyìn àti ìkéde òkú sórí mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá. Ìwé tí mo tẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ti kó ilé iṣẹ́ láti yàrá kan sí òmíràn, òjò sì ti wọ yàrá àkọ́kọ́. Mo jókòó sórí àga tó gbé fún mi, mo mu omi tó gbé wá, mo sì lọ sílé. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé afẹ́fẹ́ kì í bá èèyàn tọ́jú ẹrù.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, mo fi orí ìyá yín bẹ̀ yín: ẹ tọ́jú ẹ̀dà. Ẹ̀yin ní fóònù, ẹ ní kọ̀ǹpútà, kò ná yín ní kábọ́ọ̀nù. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà pẹ̀lú, kí ẹ fún ẹ̀gbọ́n yín kan tí kì í pàdánù nǹkan, nítorí fóònù ń bọ́ sómi, olè sì ń jí kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ déètì síbẹ̀. Bí wọ́n bá gba ohùn àwọn òṣèré sílẹ̀, ẹ béèrè tiyín kí ẹ tó kúrò ní sítúdíò.

Ẹ tún ka ìwé àdéhùn. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ tí Ààrẹ fọwọ́ sí lọ́dún 2023 sọ pé ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí iṣẹ́ rẹ̀ wà fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ àti ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwọn ọmọ ọmọ yín wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé ẹ ti gbé ẹ̀tọ́ náà fún òun pátápátá bí kò bá sí nínú ìwé. Ẹ béèrè: ṣé ẹ̀ẹ̀kan lẹ fẹ́ gbé e sáfẹ́fẹ́ ni, àbí iye ìgbà tó bá wù yín? Bó bá dorí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ta ló máa ní tẹ́ẹ̀pù? Ojú á tì yín láti béèrè níwájú olóòtú tó ń ṣe yín lóore. Ojú ti èmi náà. Ẹ béèrè ná.

Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ eré yẹn ti parí. Lọ́dún 2019, mo lọ ra ata ní ọjà Bódìjà, mo ń bá obìnrin tó ń tà á nájà, ó ń wọ́n owó lé e nítorí ó rí i pé mo mọ ìsọ̀ rẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ kan dápàárá fún un, mo ní, "Àlejò tó bá ti mọ ibi tá à ń kó èlùbọ́ sí kì í ṣe àlejò mọ́." Ó gbé orí sókè. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni o, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ ká ra àgádágodo."

Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò ní gbólóhùn kejì yẹn lọ́kàn mọ́. Èmi ni mo kọ ọ́, mo sì ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Mo bi í níbi tó ti gbọ́ ọ. Ó ní ìyá òun ló máa ń sọ ọ́ nílé, pé nínú eré rédíò kan ló ti kọ́ ọ, nígbà tóun ò tíì tó lọ síléèwé. N kò lè sọ̀rọ̀. Obìnrin náà rò pé ara mi ò yá, ó gbé àpótí rẹ̀ fún mi kí n jókòó.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kiri etí àwọn èèyàn. Ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé, ní Mọ́níyà. Ó fún mi ní ìran méjì gbáko, tòun ti bí wọ́n ṣe ń wúkọ́ nínú rẹ̀. Bàbá kan tó ń tún aago ṣe ní Dùgbẹ̀ rántí bí ìpín keje ṣe parí. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, tó sì ń tọ́jú rẹ̀ síbi mẹ́ta. Ìpín mẹ́sàn-án ti padà sílé nínú 13. Kì í ṣe bí mo ṣe kọ ọ́ gan-an, àwọn èèyàn ti fi tiwọn kún un láàárín ọdún wọ̀nyí. Ó láwọn ibì kan tí tiwọn dára ju tèmi lọ, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí ìyá yín tàbí bàbá yín bá rántí opó tó gba àlejò sílé, ẹ bá mi bi í léèrè. Ìpín kẹrin, ìpín kẹwàá, ìpín kọkànlá àti ìkejìlá ni mò ń wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé bàbá òun tó ń wa bọ́lẹ́kájà nígbà náà máa ń gba eré láti ara rédíò sórí kásẹ́ẹ̀tì, pé àwọn rí páálí kan lókè àjà. Ọjọ́bọ̀ ló ń kó o bọ̀. Mo ti yá rédíò tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ aládùúgbò mi kan, mo ti fi òwú nu orí rẹ̀, mo sì ti ra bátìrì mẹ́rin sílẹ̀, bí iná ò bá sí.

Èmi ni bàbá yín,
Tíṣà tó ń kọ eré, Òkè-Àdó.